Oògùn àti Agbára Inú Igbó Irúnmalẹ̀: Bí Àwọn Òǹkọ̀wé Wa Ti Ṣe Dá Wọn Sílẹ̀

Nínú ohun gbogbo tí òǹkọ̀wé lè fi ọkàn ara rẹ̀ dá, kò sí èyí tí ó rọrùn láti sọ bí agbára, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí èyí tí ó ṣòro láti mú kí ènìyàn gbà gbọ́ bí agbára kan náà. Ẹnikẹ́ni lè mú kálámù kí ó sì kọ ọ́ pé ọkùnrin kan wà tí ń fò lójú ọ̀run láìní ìyẹ́, tàbí pé obìnrin kan wà tí ń fọwọ́ kan òkúta tí òkúta ń di àkàrà. Ìlà méjì péré ni iṣẹ́ náà gbà. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé bá ti ka ìlà méjì yìí tán, ìbéèrè ni yóò dé sí i lọ́kàn. Níbo ni ọkùnrin náà ti rí agbára rẹ̀? Kí ni ó san kí ó tó rí i gbà? Èéṣe tí kò fò kúrò nínú gbogbo wàhálà tí ó bá a lẹ́yìn náà? Òǹkọ̀wé tí kò bá ní èsì fún ìbéèrè wọ̀nyí, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó, òǹkàwé yóò pa ìwé rẹ̀ dé, yóò sì wá ohun mìíràn ṣe.

Ọ̀ràn yìí kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nínú Ìjọ ju bí àwọn mìíràn ti rò lọ. Láti ìgbà tí a ti ń kọ ìwé ìtàn ní èdè Yorùbá ni àwọn onígbàgbọ́ tọkàntọkàn kan ti ń bi ara wọn léèrè bóyá ó yẹ kí a fi ìwé tí ó kún fún oògùn, ọfọ̀ àti iwin lé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní a kò lè máa wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi pé kí ènìyàn kó oǹdè rẹ̀ dànù, kí a sì tún máa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ní orúkọ oògùn tí bàbá rẹ̀ ti sun níná. Èmi kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbẹ̀rù yìí, nítorí mo mọ àwọn tí ó ń sọ ọ́, ènìyàn rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a wo ìtàn ọ̀ràn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni ewu wà.

Kí ìwé tó dé ni àlọ́ ti wà, àwọn alálọ̀ọ́ wa sì mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ta ni nínú wa tí kò mọ àlọ́ Ìjàpá àti ìlù tí ń pèsè oúnjẹ? Ní àwọn ilé mìíràn ìgbakọ ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ìlù, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan náà ni. Ìyàn mú ní ìlú, Ìjàpá sì rìn títí ó fi dé ibi tí a ti ṣàánú rẹ̀, tí a sì fún un ní ìlù kékeré kan. Bí ó bá ti lù ú, iyán a dé, ọbẹ̀ a dé, ẹran a dé, gbogbo ìlú a sì jẹ, wọn a yó. Nígbà tí ìlù yìí bàjẹ́, Ìjàpá kò wá ẹni tí yóò bá a tún un ṣe. Ó padà lọ sí ibi tí ó ti rí i, ó sì fi ẹ̀tàn gba òmíràn. Ó gbé èyí náà wálé, ó lù ú níwájú ọba àti àwọn ìjòyè, ṣùgbọ́n dípò iyán, pàṣán àti kòbókò ni ó tú jáde, wọ́n sì na gbogbo ẹni tí ó jókòó de oúnjẹ.

Ẹ ṣàkíyèsí bí alálọ̀ọ́ ti gbọ́n tó. Ìlù kejì kò yàtọ̀ sí ti ìṣáájú lójú, bákan náà sì ni a ti ń lù ú. Ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ Ìjàpá nìkan ni ó yàtọ̀. A kò sọ fún wa irú igi tí a fi gbẹ́ ẹ tàbí irú awọ tí a fi bò ó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé tí ń gbọ́ àlọ́ náà kò sì bèèrè, nítorí ó ti mọ òfin tí ìlù náà ń tẹ̀ lé. Bí a bá ti mọ òfin ohun kan, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí bí a ti ṣe é.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtàn wa sínú ìwé, òfin yìí bá wọn wọ inú ìwé. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lẹ́yìn tí a fi í ránṣẹ́ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; Johnson kú ní 1901 láìrí i bí ó ti jáde; arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn ìwé tí olóògbé fi sílẹ̀, tí ó fi di títẹ̀ ní 1921. Nínú ìwé yìí ni a ti kà bí Ṣàngó, Aláàfin, ti ní oògùn tí ń pe mọ̀nàmọ́ná. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn náà ṣì ń jẹ́. Ó gun òkè kan tí ààfin wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó lo oògùn náà, àrá sì sán lu ààfin, ó jó o, ó sì pa àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ ọba. Ìbànújẹ́ yìí ni ó lé Ṣàngó kúrò lórí ìtẹ́ títí ó fi pa ara rẹ̀.

Oògùn náà kò kùnà. Jíjẹ́ ni ó jẹ́, èyí gan-an ni ó sì burú níbẹ̀. Bí Johnson bá fẹ́, ìbá ti fi oògùn ọba ṣẹ̀sín, kí ó sì sọ pé irọ́ ni; kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì kan sáárá sí i. Ó kọ ohun tí ọba ní, ó kọ ohun tí ọba fi ṣe, ó sì kọ àwọn tí ó kú. Àlùfáà ni, ó sì mọ̀ pé ìtàn náà kò fẹ́ ìwàásù mọ́ lórí.

Ọdún 17 lẹ́yìn ìwé Johnson, ní 1938, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. ní Èkó tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹni tí ó kọ ọ́, Daniel Olórunfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí a bí ní 1903, tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, láti 1926 dé 1929. Orúkọ tí a sọ ọ́ ní kékeré ni Oròwọlé, Ifá sì wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ gba ìgbàgbọ́, wọ́n sì tọ́ ọ nínú Ìjọ. Nítorí náà ọkùnrin yìí kì í ṣe àjèjì ní ìhà méjèèjì. Kí àwọn tí ń bẹ̀rù sì rántí pé Ìjọ fúnra rẹ̀ ni ó tẹ ìwé náà, tí ó sì tà á. Mo rò pé àwọn tí ó gbà á láti tẹ̀ rí ohun kan nínú rẹ̀ tí àwa tí ń kà á kánkán kì í tètè rí.

Fágúnwà kò ní láti dá oògùn sílẹ̀ láti inú òfìfo. Ohun èlò wà nílẹ̀. Egbé wà, tí ń gbé ènìyàn láti ibi kan dé ibòmíràn ní ìṣẹ́jú kan. Àféẹ̀rí wà, tí ń mú kí ojú má rí ẹni tí ó dúró níwájú ẹni. Gbètugbètu wà, tí ń mú kí ẹni tí a pàṣẹ fún ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Kò sí abúlé kan tí àwọn ọdẹ kì í ti í ròyìn wọn. Iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti Fágúnwà ni pé ó kó wọn kúrò nínú àhesọ, ó sì gbìn wọ́n sínú ayé tí ó ní ààlà, níbi tí agbára kan ti ń pàdé agbára mìíràn. Olórí ìtàn rẹ̀ ń jẹ́ Àkàrà-Oògùn. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, oògùn sì kún ara rẹ̀ dé ibi tí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Ẹni tí kò tíì ka ìwé náà yóò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa yan fanda nínú igbó. Ṣùgbọ́n láti ojú ewé dé ojú ewé ni ó ń bọ́ láti inú wàhálà kan sínú òmíràn, tí ó ń pàdé ohun bí Àgbákò olójú 16, tí ẹ̀rù sì ń bà á bí ó ti ń ba èmi àti ẹ̀yin.

Ibi tí mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀ jùlọ ni àwọn ọdẹ tí wọ́n bá Àkàrà-Oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kò gbé gbogbo agbára lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ó pín in. Kákò ní kùmọ̀. Ẹfọ́ìyẹ́ ní ọfà. Olóhùn-iyọ̀ ní orin àti ìlù. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè àwọn ẹranko. Ìmọ̀dóye ní òye. Aràmàndà-ọkùnrin sì wà, ẹni tí ooru ń mú nígbà tí òtútù bá ń mú gbogbo ayé, tí òtútù sì ń mú nígbà tí oòrùn bá ń jó gbogbo ayé. Ẹ rò ó wò: kùmọ̀ Kákò kò lè gbọ́ èdè ẹranko, bẹ́ẹ̀ ni orin Olóhùn-iyọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ ọfà. Nígbà tí ewu bá dé, òǹkàwé a máa bèèrè pé, ta ni nínú wọn ni ó kàn báyìí? Ìbéèrè yìí ni ó ń fà á lọ sí ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e.

Síwájú sí i, Fágúnwà sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀bùn wọn, èyí sì ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè àwọn ẹranko nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nù sínú igbó ní ọmọ ọwọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹranko ni ó sì dàgbà sí. Ìmọ̀dóye ní òye nítorí pé àjà gbé e lọ nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ó sì lo ọdún 7 lọ́dọ̀ wọn, tí ó jẹ́ pé ataare ẹyọ kan ṣoṣo ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ̀bùn ìkíní, ọmọ tí kò mọ ọmú ìyá ni ó gbà á. Ẹ̀bùn kejì, ọmọ tí ebi pa fún ọdún 7 ni ó gbà á. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí yóò ka èyí tí yóò sọ pé, ìbá ṣe pé èmi ni.

Nígbà tí wọ́n sì dé òpin ìrìn àjò wọn, agbára tí ó ga jù tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe oògùn rárá. Àgbàlagbà kan ni, Ìrágbèje, onílé olójú méje, tí ó gbà wọ́n lálejò fún ọjọ́ 7, tí ó sì ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní ojoojúmọ́. Àwọn kan ń ṣàròyé pé Fágúnwà ń wàásù jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ; nígbà mìíràn ìwàásù rẹ̀ gùn, èmi tí ìwàásù jẹ́ iṣẹ́ mi ni mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé ó ti mú wa la igbó kọjá kí ó tó mú wa jókòó, àti pé kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó bá a lọ ni ó padà wálé.

Irú òfin yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì rẹ̀. Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, gbogbo àwọn Filistini ni ó ń wá ibi tí agbára Samsoni wà, bí ẹni pé oògùn ni ó lò. Delila rí i pé nínú irun ni, wọ́n sì gé irun náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtàn náà láti orí ìbí Samsoni yóò mọ̀ pé irun kọ́ ni ó ni agbára. Ẹ̀jẹ́ ni, irun sì jẹ́ àmì rẹ̀. Àwọn Filistini mọ ohun èlò, wọn kò mọ òfin, nítorí náà ni wọ́n ṣe jẹ́ kí irun náà tún hù.

Kí a má bàa rò pé àwa nìkan ni irú èrò yìí ń dé bá, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ilẹ̀ Òyìnbó, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí yóò wúlò fún wa níwájú. Ní 1871, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Edward Bulwer-Lytton kọ ìtàn kan nípa àwọn ènìyàn tí ń gbé nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó dá agbára kan sílẹ̀ fún wọn, ó sì pè é ní vril. Vril ń tan ìmọ́lẹ̀, vril ń wo àìsàn sàn, vril ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ọmọdé tí ó bá sì mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ lè pa ìlú ńlá run. Ní tèmi, agbára tí ó lè ṣe ohun gbogbo báyìí kì í jẹ́ kí ìtàn rí ibi lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó yani lẹ́nu. Àwọn kan ka ìwé náà tán, wọ́n sì gbà pé vril wà ní tòótọ́. Helena Blavatsky, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà fún ẹ̀kọ́ awo, wà nínú wọn. Ní nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn náà, oníṣòwò kan tí ń ta omi ẹran màlúù mú orúkọ vril, ó so ó mọ́ orúkọ màlúù ní èdè Látìnì, ó sì pe ọjà rẹ̀ ní Bovril. Agbára tí ó lè pa ìlú run wá di ohun tí a ń pò mọ́ omi gbígbóná fún aláìsàn. Àwọn àgbàlagbà tí ó mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù Èkó àtijọ́ yóò rántí ìgò dúdú náà. Bí ènìyàn bá dá agbára sílẹ̀ nínú ìwé, kò mọ ibi tí àwọn òǹkàwé yóò gbé e dé.

Ní 1952 ni ọmọ Abẹ́òkúta kan, Amos Tutuola, mú ọ̀ràn yìí gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò retí. A bí i ní 1920. Ikú bàbá rẹ̀ ní 1939 ké ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrú; ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ; ó fi iṣẹ́ náà sin àwọn ọmọ-ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó nígbà ogun àgbáyé kejì; lẹ́yìn ogun ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìtìjú bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa nítorí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, wọ́n sì bínú pé àwọn Òyìnbó ń yìn ín. Ìtàn náà kò pẹ́ padà sílé, nítorí ní 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré ní èdè Yorùbá ní Ìbàdàn, ó sì pè é ní Ọ̀mùtí.

Ẹni tí ó ti wọn irin rí ni ó kọ ìwé yìí, ó sì hàn. Gbogbo agbára inú rẹ̀ ni ó ní ìwọ̀n, owó sì ni ó sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ dé ibi Igi Funfun kan tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn fún ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ní £70:18:6, wọ́n sì yá a ní ẹ̀rù wọn ní £3:10:0 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, nítorí yíyá ni wọ́n yá a. Ṣùgbọ́n wọn kò lè gba ikú wọn padà, nítorí títà ni wọ́n tà á. Láti ọjọ́ náà, wọn kò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè bẹ̀rù. Wo irú ẹrù tí èyí jẹ́! Ẹni tí kò lè kú tí ẹ̀rù sì ń bà yóò la gbogbo ìyà já títí dé òpin rẹ̀, kò ní rí ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Tutuola kò dúró ṣàlàyé èyí fún wa. Ó kọ iye owó náà sílẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Bákan náà ni ọkùnrin arẹwà tí ó wá sí ọjà, tí ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé lọ sínú igbó. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ni ó háyà. Bí ó ti ń padà lọ, ó ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tí ó ni ín, ó ń dá apá padà, ó sì ń san owó ìlò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ní òpin ìwé náà, ẹyin kan wà tí ó lè pèsè ohunkóhun tí a bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ gbogbo ìlú nígbà ìyàn. Nígbà tí wọ́n fọ́ ọ, tí a sì tún un lẹ̀ pọ̀, pàṣán nìkan ni ó ń pèsè. Ẹ ti mọ ibi tí ẹyin yìí ti wá. Ìlù Ìjàpá ni.

Ní 1954 ni ìwé rẹ̀ kejì jáde, My Life in the Bush of Ghosts, nínú rẹ̀ ni ó sì gbé dá ohun èlò kan tí kò sí nínú àlọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún 7 kan ń sá fún àwọn akóni-lẹ́rú, ó sì bọ́ sínú igbó àwọn iwin, ó sì lo ọdún 24 níbẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó bọ́, iwin obìnrin kan tọ̀ ọ́ wá, tí egbò bo gbogbo ara rẹ̀. Ó ní bí ọmọ náà bá lè máa fi ahọ́n lá egbò òun lójoojúmọ́ fún ọdún 10, egbò náà yóò san, òun yóò sì fi ọ̀nà ilé hàn án. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i, inú àtẹ́lẹwọ́ náà ni ọmọ yìí sì ti rí ìlú rẹ̀, tí ó rí ìyá rẹ̀ bí ó ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Orúkọ tí Tutuola fún iwin yìí ni iwin ọlọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún tí ó kọ ọ́. Ní 1954 kò sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní gbogbo Nàìjíríà. Ti Ìbàdàn, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́, kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá 1959. Orúkọ ni ó dé etí ọkùnrin yìí ṣáájú ohun tí ó ń jẹ́ ẹ, ó sì fi orúkọ náà sí ibi tí ọkàn ẹni tí ó jìnnà sí ilé máa ń wà, ìyẹn ni ojú ìyá rẹ̀.

Bí ọmọ náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ lílá egbò ni ó dùn mọ́ mi jùlọ. Bí ó ti ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà, ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń júwe ewé kan fún obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ní egbò. Ó wá ewé náà nínú igbó, ó fi wo iwin náà, ó sì san. Tẹlifíṣọ̀n náà kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ìmọ̀ ìyá kan ni ó wò ó sàn, tẹlifíṣọ̀n kàn gbé ohùn rẹ̀ wá ni.

Títí dé ibi tí a dé yìí, láti orí Ṣàngó títí dé orí Ọ̀mùtí, ẹni tí ó bá lo agbára kò lọ láìsan owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú agbára mìíràn wọ inú ìtàn wa lẹ́yìn náà, pàápàá nínú fíìmù, òun ni òògùn owó. Nínú Living in Bondage, fíìmù tí a ṣe ní èdè Ìgbò ní 1992, ọkọ fi ìyàwó rẹ̀ rúbọ kí ó bàa lè lówó. Fíìmù náà ṣì mọ òfin àtijọ́, nítorí iwin ìyàwó náà kò jẹ́ kí ó rí ìsinmi. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀san ti di ohun ìṣẹ́jú márùn-ún tí a lẹ̀ mọ́ ìparí. Wákàtí méjì tí ó ṣáájú rẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, ilé ńlá ni, àríyá ni. Àní tí ẹ̀san bá tilẹ̀ wà, ẹlòmíràn ni ó ti kọ́kọ́ san owó náà, ẹni tí kò bèèrè agbára, tí a kò sì bi léèrè.

Irú agbára yìí kò dúró nínú ìtàn mọ́. Mo ti sọ ti vril, tí àwọn òǹkàwé kan gbà pé ó wà. Ẹnikẹ́ni kò kú nítorí vril. Ní oṣù kìn-ín-ní 2022, ní Abẹ́òkúta, ìlú Tutuola, àwọn ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan fún ẹ̀sùn pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan nítorí òògùn owó, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé orí Facebook ni òun ti kọ́ ọ. Kò sọ pé nínú ìwé Fágúnwà ni. Ní 2024, àjọ ìjọba tí ń yẹ fíìmù wò kí ó tó jáde kéde òfin lòdì sí fíìmù tí ń gbé òògùn owó ga. Èmi kò bá àjọ náà jà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òfin kan náà de gbogbo ìtàn tí oògùn bá wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn rere inú Ìjọ wa ti ń fẹ́, a ó ti Ìmọ̀dóye mọ́ ẹ̀yìn odi pẹ̀lú ataare rẹ̀, a ó sì gba lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ìtàn tí ó lè jẹ́ kí wọ́n mọ irọ́ òògùn owó nígbà tí wọ́n bá rí i.

Ẹ tún gbọ́ nípa Ọ̀mùtí àti owó kí n tó gbé kálámù sílẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ dé etí odò ńlá kan láìní owó lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí lè sọ ara rẹ̀ di ẹyẹ, ó lè di aláǹgbá, ó lè di òkúta wẹ́wẹ́. Kò wá ẹnikẹ́ni tí yóò fi rúbọ. Ó sọ ara rẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi, ìyàwó rẹ̀ sì mú àjẹ̀, ó ń tu àwọn èrò sọdá láti àárọ̀ di alẹ́. Tọ́rọ́ ni owó àgbàlagbà, ìlàjì rẹ̀ ni ti ọmọdé. Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní wọ́n ka £7:5:3, nígbà tí wọ́n sì ṣe é fún oṣù kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ £56:11:9. Olùkọ́ ìṣirò yóò rí i pé ọjà kò yá ní gbogbo ọjọ́ bí ti ọjọ́ kìn-ín-ní. Wọ́n di owó náà, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ.